Mo Ní Ọlọ́run Ló Sọ Pé Kó Má Fọwọ́ Sí I

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará page yìí. Mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Mo sọ pé Ó fi nǹkan hàn mí, kò sì fi nǹkan kan hàn mí, mo ń jowú ni. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Dallas yìí tẹ́ ẹ rí i tó fẹ̀ báyìí, bí agboolé kan ṣoṣo ló rí láàárín àwa Yorùbá, tí èèyàn bá sín ní Lewisville, wọ́n á ti kí i pẹ̀lẹ́ láti Sachse. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tò ó bó ṣe jẹ́... lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú mi, torí mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ẹni tí mo ṣe é fún, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Tinúkẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an. Èmi àti ẹ̀ ò jọ bára tan, àmọ́ "Àǹtí mi" ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà, torí ọ̀dọ̀ wa ló balẹ̀ sí. Ìgbà yẹn, inú apartment oníyàrá méjì la wà ní Lewisville, èmi, ọkọ mi àti Dára ọmọbìnrin mi tó ṣì kéré. Pálọ̀ wa ni Tinúkẹ́ sùn fún oṣù mẹ́jọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní mọ́tò, èmi ni mo jókòó tì í nígbà tó ń gbọ̀n lórí freeway tó ń pe Jésù, èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ sí nursing home kó tó di pé òun náà ka nọ́ọ̀sì jáde bíi tèmi. Mo fẹ́ràn ẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Àbí èèyàn ò lè fẹ́ràn ẹnì kan kó sì máa jowú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àbí orí èmi nìkan ló dàrú?

Èmi náà ni mo mú un wọ òṣèlú. Mi ò ní sọ ẹgbẹ́ òṣèlú wo, torí kì í ṣe ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn, ẹ má sì wá ja ìjà ẹgbẹ́ nínú comment, mo bẹ̀ yín. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń bá wọn ṣe é ní àdúgbò wa. Mo ti kan ilẹ̀kùn kiri nínú oòrùn oṣù Kẹjọ tí bàtà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ títì, ajá ti gbó mi, ẹnì kan ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú kí n tó sọ ẹni tí mo jẹ́. Èmi ni mò ń se jollof rice fún àwọn volunteer nínú páànù fóìlì ńlá, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní "Mrs. O, you're the best!" Tinúkẹ́ wá tẹ̀ lé mi lọ sí meeting lọ́jọ́ kan torí pé mọ́tò ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn... ó parí. Ó ní ẹ̀rín kan báyìí tó máa ń mú kí èèyàn rò pé òun nìkan ló rí láti àárọ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, Tinu ní ká ṣe báyìí, Tinu ló máa sọ̀rọ̀, ẹ bi Tinu. Èmi sì wà nídìí páànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè má mọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, tá a bá dìbò fún ààrẹ, ìbò wa yẹn kọ́ ló ń yan ààrẹ ní tààrà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní elector. Ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan á ti yan tiẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì wọlé ní ìpínlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é báyìí, àwọn elector ẹgbẹ́ yẹn ló máa pàdé ní oṣù Kejìlá ní olú ìlú, Austin ni tiwa, wọ́n á wá fi ọwọ́ ara wọn kọ ìbò tó ń yan ààrẹ gan-an. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni, àmọ́ orúkọ ẹni ti wọ ìwé ìjọba nìyẹn títí ayé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkirè, tó wá fọwọ́ kọ ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà! Ó wù mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi, àmọ́ ó wù mí débi pé mo ti ń lálàá aṣọ tí màá wọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe convention ẹgbẹ́ lásìkò ooru, tó kan district wa láti yan elector tiẹ̀, mo na ẹ̀yìn mi, mo kun ètè... obìnrin òyìnbó kan tó wọ bàtà cowboy dìde, ó ní òun dárúkọ Tinu. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Tinúkẹ́ wojú mi láti ibi tó wà, ojú ẹ̀ ń bi mí pé ṣé kí òun gbà, mo sì mi orí sí i bí ìyá rere.

Ẹ wá wo ohun tó dùn mí jù. Sunday tó tẹ̀ lé e ló wá sílé tá a ti kó lọ ní Sachse, ó fi lẹ́tà tí ẹgbẹ́ fi yàn án sínú Bíbélì kó má baà ká, ó kúnlẹ̀ lórí tile kíṣìnì mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi pé Àǹtí mi, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé bá a ṣe jìnnà sílé tó yìí, ohun ayọ̀ tó bá wọlé fún ẹni, àgbà la ṣì ń kọ́kọ́ gbé e fún kó súre sí i. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo gbàdúrà débi pé mo làágùn. Ó ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe àmín, inú mi ń sọ pé kí ló dé tí kì í ṣe èmi, kí ló dé tí kì í ṣe èmi, kí ló dé? Nígbà tó lọ tán, ìkòkò kan ṣoṣo ni mo fọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Látìgbà yẹn ni mi ò ti gbádùn ara mi mọ́. Pásítọ̀ pè é síwájú ìjọ, ó ní ká wá wo Madam Elector wa, bí gbogbo ìjọ ṣe gba orúkọ yẹn nìyẹn, Madam Elector síbí, Madam Elector sọ́hùn-ún. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ computer ní Addison, ọkùnrin tí kì í yin ẹnikẹ́ni, jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní ọmọ yẹn mà gbìyànjú o. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta mo gbé àwo ẹran kúrò níwájú ẹ̀. Ó ní kí ló dé, mo ní cholesterol. Prayer line wa ńkọ́, èyí tí mo ti ń darí lórí fóònù ní gbogbo àárọ̀ Sátidé fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ní kí Tinúkẹ́ máa wá gbàdúrà fún Amẹ́ríkà níbẹ̀, torí òun ló ń lọ sí Austin. Lórí prayer line tèmi! Mo máa ń ṣí fọ́tò ẹ̀ kan lórí Facebook, èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá, màá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, màá máa wá àbùkù. Mi ò rí nǹkan kan. Edges ẹ̀, irun etí iwájú orí ẹ̀ gan-an, jókòó dáadáa.

Oṣù Kọkànlá dé, ẹgbẹ́ wa wọlé ní Texas, bí lílọ Tinúkẹ́ sí Austin ṣe di òótọ́ nìyẹn. Láìpẹ́ sígbà náà ó pè mí, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè. Wọ́n ti fi ìwé ìbúra kan ránṣẹ́ sí i tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé ẹni tí ìpínlẹ̀ Texas dìbò fún lòun náà máa dìbò fún, tí òun bá sì kọ orúkọ ẹlòmíì, wọn ò ní ka ìbò náà, wọ́n á fi ẹlòmíì sórí àga òun lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dìbò fún ẹlòmíì o. Ẹni yẹn náà lòun fúnra ẹ̀ dìbò fún. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé, kí ló wá kù tí òun fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ó ní, "Àǹtí mi, nílé wọ́n ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn wọ̀nyí ní kí n fi tẹrú jẹ́ ẹ. Tí nǹkan kan bá wá ṣẹlẹ̀ kó tó dọjọ́ yẹn ńkọ́? Tí ẹ̀rí ọkàn mi ò bá gbà á mọ́ ńkọ́? Ṣé dandan ni kí n tẹ̀ lé e?" Ó ní kí n bá òun gbé e síwájú Olúwa, ohun tí mo bá gbọ́ lòun máa ṣe.

Ohun tí mo bá gbọ́ lòun máa ṣe. Ẹ ò rí irú agbára tí wọ́n gbé lé olówú lọ́wọ́?

Mi ò gbàdúrà kankan. Ọ̀dọ̀ Dára ọmọ mi ni mo gbà lọ, òun ń ka government ní college, mo ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ elector yìí fún mi. Ó yọ earpiece kan létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ẹ̀ tò ó fún mi. Ó ní àwọn kan gbà pé elector lómìnira, pé ìdí tí wọ́n fi dá ipò náà sílẹ̀ láyé àtijọ́ ni kí wọ́n lè fi làákàyè wọn yàn. Àwọn míì ní ìránṣẹ́ ni wọ́n, pé báwo ni ìbò gbogbo èrò inú ìpínlẹ̀ ṣe máa wà lọ́wọ́ ẹ̀rí ọkàn ẹnì kan? Ó ní àwọn elector kan ti yà bàrá rí, kódà ní Texas níbí, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dè wọ́n mọ́ ìbò àwọn ará ìlú, Texas náà sì ti ṣòfin tiẹ̀. "Mom, if Auntie Tinu doesn't sign, she's out. It's that simple. Why?" Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ wò ó... ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wí àwáwí pé bóyá mi ò mọ̀. Mo mọ̀.

Ní Sátidé, bí prayer line ṣe parí ni mo pè é. Mo kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, bí àwa tá à ń ríran ṣe máa ń dákẹ́. Mo ní Tinúkẹ́, mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ síwájú Olúwa, mo sì rí ọ... mo rí ọ tí wọ́n fi okùn funfun so ọwọ́ ọ̀tún ẹ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, o fẹ́ gbé e sókè fi yin Ọlọ́run, kò ṣeé gbé. Okùn funfun! Níbo ni mo ti rí okùn funfun? Ẹnu mi ló kàn ń hun ún lọ. Mo ní ohùn kan wá sọ pé kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tó bá máa de ọwọ́ ẹ, kó lọ síbẹ̀ lómìnira. Ó wá béèrè pé ṣé wọn ò ní lé òun. Mo ní ẹni tí Ọlọ́run bá rán, èèyàn wo ló tó lé e? Ẹnu tí mo fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni mo fi sọ ọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní mo kú wàhálà òun.

Kò sì fọwọ́ sí i lóòótọ́. Alága ẹgbẹ́ pè é, ó ní tó bá jẹ́ pé ìbúra ni ìgbàgbọ́ ẹ̀ kò fẹ́, òun lè ṣe é kó kàn jẹ́jẹ̀ẹ́ lásán láìpe Ọlọ́run sí i. Ọ̀nà àbáyọ rèé! Ó pè mí kó lè bi mí. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti lè yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ̀yin ará, mi ò bá ti ní Ọlọ́run gba ìyẹn, kí n sì jẹ́ kó lọ. Mo ní ìwé kankan ni ohùn yẹn sọ, Tinúkẹ́. Ìwé kankan. Ó bá lọ sí ìpàdé wọn, ó dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní ẹni tí Texas yàn náà lòun máa dìbò fún, kí wọ́n fọkàn tán òun, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ sí ohun tó máa de òun. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Ariwo ta. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ kejì ló rán an wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ ní parking lot, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìgbéraga ló kó bá a. Èmi tí mo mọ òótọ́ dúró láàárín wọn, mo di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi mú, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n má tún parọ́ míì fún yín: mo yọ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi yọ̀. Mo ń kọrin bí mo ṣe ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi. Dára ló wá bà á jẹ́ fún mi, ó gbọ́ pé wọ́n ti yọ Auntie Tinu, ó wò mí fín-ín-fín, ó ní, "But I told you. Didn't you tell her?" Mo ní mo gbàgbé. Ó fi earpiece ẹ̀ padà sétí.

Monday tó kọjá, mo wà ní lunch break, fóònù mi dún. Alága ẹgbẹ́ ni. Ó ní àga Tinu ṣófo, pé àwọn elector tó kù ló máa fi ẹlòmíì sí i, pé wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn, èmi ni wọ́n fẹ́, tí mo bá lè fọwọ́ sí ìwé ìbúra yẹn kó tó di Friday. Ṣé ẹ rí ayọ̀ tó sọ nínú mi... mo dìde lórí àga, mo tún jókòó. Mo ní ta ló rántí mi? Ó ní Tinu ni. Ó ní kó tó jáde nínú ìpàdé ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá máa fi ẹnikẹ́ni rọ́pò òun, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi Àǹtí òun sí i. Ó ní Tinu sọ fún wọn pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ convention pé ó wù mí, pé ara òun ò fi bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ látìgbà náà.

Ó mọ̀! Gbogbo bí mo ṣe ń mi orí bí ìyá rere yẹn, ó mọ̀. Ohun tí mo fi irọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló tún fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e wá fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó kọ́kọ́ wọ inú mi kí ìtìjú tó dé? Owú ni. Mo tún jowú! Mo ní kí ló dé tó tún jẹ́ òun ló ṣe dáadáa? Ṣé mi ò ní lè rí nǹkan kan gbà láyé yìí kó má gba ọwọ́ ọmọ yìí kọjá ni? Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá lọ jókòó sínú mọ́tò mi, mo sunkún títí àsìkò lunch fi kọjá, wọ́n ń wá mi kiri nínú ward.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó pè mí, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní Àǹtí mi, ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ò purọ́, pé ìdí tí Ó fi ní kí òun má fọwọ́ sí i nìyẹn, ẹ̀yin gan-an ni Ó fẹ́ fi síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀sín tí wọ́n fi í ṣe ní parking lot, ó ti gbà pé ìdí ẹ̀ nìyẹn, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ti gba off lẹ́nu iṣẹ́ kó lè wa mọ́tò gbé mi lọ sí Austin. Kó tó pa fóònù ló wá rọra béèrè pé ìwé ìbúra yẹn ńkọ́, ṣé Olúwa ti sọ fún ẹ̀yin pé kí ẹ fọwọ́ sí i? Mo ní mo ṣì ń gbàdúrà sí i ni.

Wednesday la wà yìí. Ìwé náà rèé lórí tábìlì. Tí mo bá fọwọ́ sí i, mo máa jókòó sórí àga ẹ̀, òun á wà lókè níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí, á máa ya mí ní fọ́tò, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún irọ́ tí èmi pa. Tí mi ò bá fọwọ́ sí i, àwa méjèèjì la pàdánù ẹ̀, kí ni màá sì sọ fún un pé ó fà á? Tí mo bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Prayer line á tú ká, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kó kórìíra mi, màá fara dà á. Tó bá wá kúnlẹ̀ tó ní òun ti dárí jì mí ńkọ́? Mo mọ ọmọ yẹn, ó lè ṣe é. Mo mọ ara mi náà, ìdáríjì yẹn gan-an ni mo máa tún jowú ẹ̀.

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí tẹ́ ẹ ò lè sọ. Kí ẹnikẹ́ni má kọ "it is well" fún mi o. Ó ti text mi báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ, ó ní aago mélòó ni kí òun wá gbé mi lọ́jọ́ náà. Ó ti rí i pé mo ti kà á. Kí ni kí n kọ padà sí i?